Ọwọ́ Òsì Ló Ń Gbéra: Bí A Ṣe Ń Bẹ̀rẹ̀ Ìje Alùpùpù Orí Yanrìn

Ẹni tó bá ti dúró sí Ìyànà Ìbà nírọ̀lẹ́ rí, nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó (LASU) ń jáde tí wọ́n sì ń wá ohun tí yóò gbé wọn délé ní Igbó Elẹ́rin, á ti rí i pé ọlọ́kadà méjì lè gun Boxer tó rí bákan náà, kí ọ̀kan gbé èrò rẹ̀ kúrò lójú kan wẹ́rẹ́, kí èkejì sì máa fi táyà ẹ̀yìn gbẹ́ kòtò sínú yanrìn. Ẹ́ńjìnì wọn kò yàtọ̀. Epo tí wọ́n rà kò yàtọ̀. Yanrìn Ìbà náà kò sì mọ ojú ẹnì kankan. Ọwọ́ òsì wọn ni kò dọ́gba, nítorí ọwọ́ òsì ló di kílọ́ọ̀ṣì mú, ìyẹn ohun tó ń so agbára ẹ́ńjìnì mọ́ táyà ẹ̀yìn.

Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó fẹ́ràn alùpùpù gbà pé agbára ẹ́ńjìnì ló ń sọ ẹni tí yóò kọ́kọ́ ṣíwájú nínú ìje. Èmi kò gbà. Ibi tí a ti lè rí i kedere ni ìje tí wọ́n ń pè ní mótókírọ́ọ̀sì, ìyẹn ìje alùpùpù lórí ilẹ̀ tí kò ní ọ̀dà, tó kún fún òkè, gegele, yanrìn àti ẹrẹ̀. Níbẹ̀, alùpùpù tí gbogbo wọn gùn fẹ́rẹ̀ẹ́ lágbára bákan náà, síbẹ̀ àwọn kan wà tó jẹ́ pé àwọn ni yóò kọ́kọ́ yọ sí kọ́nà ní ọ̀sẹ̀ kan, àwọn náà ni yóò tún kọ́kọ́ yọ ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Kì í ṣe oríire.

Ìje yìí ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Ní ọjọ́ 29, oṣù Kẹta, ọdún 1924, ní Camberley ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n ṣe èyí tí wọ́n kà sí àkọ́kọ́. Arthur Sparks ló gbégbá orókè lọ́jọ́ náà. Láti ibẹ̀ ló ti ràn dé Bẹ́ljíọ̀mù, Faransé àti Amẹ́ríkà. Áfíríkà náà kò gbẹ́yìn: ní 2008, ìlú Nelspruit ní South Africa gba ọ̀kan nínú àwọn ìje àgbáyé lálejò, àwọn ọmọ Uganda, Zambia, Zimbabwe àti Botswana sì ń bá ara wọn figagbága nínú ìdíje tí àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà ń ṣe láàárín ara wọn. Ní tiwa níhìn-ín, ojú fóònù ni ọ̀pọ̀ ti ń wò ó. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ tó wà nídìí ìgbéra náà kò jìnnà sí ohun tí ọlọ́kadà Òkòkòmáíkò ń ṣe lójoojúmọ́, ó kàn jẹ́ pé a kì í dárúkọ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ìdí tí ìgbéra fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀. Nínú ìje àgbáyé, alùpùpù 40 ló máa ń tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí ìlà kan. Iwájú wọn jẹ́ ọ̀nà gbọọrọ tí òfin ní kò gbọdọ̀ dín ní mítà 80, kò sì gbọdọ̀ ju mítà 125 lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, kọ́nà àkọ́kọ́. Kọ́nà náà kò lè gba ìdajì wọn lẹ́ẹ̀kan náà láéláé. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ibẹ̀, ojú ọ̀nà mọ́ fún un, yóò yan ibi tó wù ú. Ẹni tó wà lẹ́yìn ni yóò máa fi àyà àti ojú gba yanrìn àti òkúta tí táyà àwọn tó ṣíwájú ń gbọ́n dànù, kò ní rí kòtò kó tó bọ́ sínú rẹ̀, bí ẹnì kan bá sì ṣubú níwájú rẹ̀, ó lè gùn ún lórí. Ìje náà kì í ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àti ìyípo méjì lọ. Ẹni tó bá wà ní ipò ogún ní kọ́nà àkọ́kọ́ lè yára ju ẹni tó wà níwájú pátápátá lọ, kí ó má sì fojú kàn án títí wọn yóò fi parí, nítorí gbogbo ẹni tó bá fẹ́ kọjá ni yóò jẹ nínú àkókò rẹ̀ àti nínú agbára apá rẹ̀.

Ní àtijọ́, okùn rọ́bà ni wọ́n máa ń nà síwájú àwọn agun-alùpùpù, tí wọ́n bá sì tú u, ó di eré. Lónìí, géètì irin ni, oníkálukú ló ní apá tirẹ̀. Géètì yìí kì í ṣubú síwájú; ọ̀dọ̀ ẹni tó jókòó sórí alùpùpù ló ń wó sí. Mo fẹ́ràn ọgbọ́n ẹni tó ronú kan èyí. Bí ẹnikẹ́ni bá kánjú, tí ó fi táyà iwájú ti géètì kí ó tó wó, táyà rẹ̀ náà ni kò ní jẹ́ kí ó wó. Yóò máa wo ẹ̀yìn àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń lọ. Kò sí pé à ń fun fèrè, kò sí pé à ń pe ẹjọ́; ìkánjú ti dá ara rẹ̀ lẹ́bi.

Kí géètì tó wó, ẹnì kan yóò gbé pátákó tí wọ́n kọ 15 sí sókè, ìyẹn ni pé ó ku ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Lẹ́yìn náà, pátákó 5. Bí ti 5 bá ti jáde, géètì lè wó nígbàkígbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá 5 sí 10, kò sì sí agun-alùpùpù tó mọ èwo nínú wọn ni yóò jẹ́. Ẹni tó bá wá ń kà á sínú, ení, èjì, ẹ̀ta, ti sọ ìje di tẹ́tẹ́. Ohun tí àwọn tó mọ̀ ọ́n ń ṣe ni pé wọ́n á tẹjú mọ́ irin géètì tó wà níwájú táyà tiwọn gan-an. Kì í ṣe ọkùnrin tó ń tú géètì ni wọ́n ń wò, kì í sì í ṣe ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ojú máa ń gba nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú àáyá kan kí ó tó ránṣẹ́ sí ọwọ́ kí ọwọ́ sì dáhùn. Bí o bá ń dúró de ìgbà tí ẹnìkejì rẹ yóò mira kí o tó mira, gbèsè tirẹ̀ àti tìrẹ ni o jọ ń san pọ̀.

Iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ ṣáájú ìyẹn, nílẹ̀. Àwọn tó bá yára jù nínú ìdánwò ni wọ́n ń kọ́kọ́ yan àyè lórí ìlà. Ọ̀pọ̀ èèyàn á rò pé èyí tó sún mọ́ inú kọ́nà jù ló dára jù. Kì í fìgbà gbogbo rí bẹ́ẹ̀. Àyè inú pátápátá kúrú lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn tó wà níta lè ya wọlé kí wọ́n sì há ọ mọ́. Àyè tó wà díẹ̀ sí àárín, tí o bá ti lè wo ọ̀nà rẹ gbọọrọ dé kọ́nà láìyí ọwọ́, ni mo rí pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀gá ń yàn. Kí o sì tó yàn, rìn ín. Wo ibi tí àwọn tó kọ́kọ́ sáré ti gbẹ́ ilẹ̀ jìn. Wo ibi tí omi dá sí.

Lẹ́yìn tí o bá ti yàn, òfin gbà ọ́ láàyè láti tún ilẹ̀ ẹ̀yìn géètì ṣe, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ àti ọwọ́ rẹ nìkan ni o lè lò, kò gbọdọ̀ sí ọkọ́, kò gbọdọ̀ sí olùrànlọ́wọ́. Iwájú géètì, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ìdí nìyí tí o fi máa ń rí àwọn akọni wọ̀nyí, pẹ̀lú akoto àti aṣọ olówó iyebíye, tí wọ́n ń fi bàtà tẹ ilẹ̀ bí ẹni ń ro oko. Wọ́n ń gbá yanrìn tó rọ̀ dànù, wọ́n ń dí kòtò tí táyà ẹni tó ṣáájú wọn gbẹ́, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ kí ó le, wọ́n sì ń rí i pé ipa tí táyà ẹ̀yìn yóò tọ̀ bá ti iwájú mu gbọọrọ. Ibi tí wọ́n bá ti ń lo kọnkéré tàbí irin oníhò sábẹ́ táyà, iṣẹ́ yìí dín kù; síbẹ̀ wọ́n á gbá iyẹ̀pẹ̀ kúrò lórí rẹ̀ títí yóò fi mọ́.

Ìdí rẹ̀ yé ọmọ Ìbà ju ọ̀pọ̀ èèyàn lọ. Ilẹ̀ Ọ̀jọ́, Ìbà àti Òkòkòmáíkò jẹ́ ilẹ̀ ẹ̀bá ọ̀sà, yanrìn ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn àdúgbò inú tí ọ̀dà kò tíì dé máa ń rọ̀ débi pé táyà ọ̀kadà á rì sí i. Nígbà òjò, á di pọ̀tọ̀pọ̀tọ̀. Ọlọ́kadà tó bá gbọ́n kì í dúró gbé èrò sínú yanrìn rírọ̀; á sún síwájú títí yóò fi rí ilẹ̀ tó le, á ní kí èrò wá bá òun níbẹ̀. Èrò á máa ráhùn pé ó ń ṣe fàájì. Kò ṣe fàájì o. Ibi tí táyà yóò ti rí nǹkan dì mú ló ń wá, nítorí agbára tí kò bá dé ilẹ̀, òfo ni.

Ó wá kan bí a ṣe ń jókòó. Boxer tí à ń gùn níhìn-ín ní nǹkan bí agbára ẹṣin mẹ́jọ. Alùpùpù mótókírọ́ọ̀sì tó jẹ́ 450cc ní nǹkan bí àádọ́ta ó lé, bẹ́ẹ̀ ìwọ̀n rẹ̀ kò ju nǹkan bí kílógírámù 110 lọ. Bí o bá jókòó sẹ́yìn lórí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ tí o sì fún un lépo, táyà iwájú yóò gbéra lọ sọ́run, ìwọ yóò sì ní láti dín epo kù kó má baà dà ọ́ nù. Nítorí náà, iwájú àga ni ìdí ń wà, orí yóò yọ kọjá ọwọ́ alùpùpù, ìgbọ̀nwọ́ yóò gbé sókè, ẹsẹ̀ méjèèjì yóò kan ilẹ̀ díẹ̀ síwájú kí alùpùpù má baà yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n bí ara bá tẹ̀ síwájú jù, táyà ẹ̀yìn kò ní rí ẹrù tí yóò fi di ilẹ̀ mú, á máa yí lásán. Lórí kọnkéré, tẹ̀ síwájú dáadáa. Lórí ilẹ̀ rírọ̀ tàbí ẹrẹ̀, fà sẹ́yìn díẹ̀. Ẹni tó bá ń jókòó bákan náà sórí ilẹ̀ gbogbo kò tíì kọ́ nǹkan kan.

Ọwọ́ òsì wá kù, òun sì ni ọ̀gá. Ọwọ́ tí a kì í nà sí àgbà, tí a kì í fi gba nǹkan lọ́wọ́ èèyàn, òun ni gbogbo ìje yìí wà lábẹ́ rẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá méjì àkọ́kọ́. Ìka kan tàbí méjì ni wọ́n fi ń di kílọ́ọ̀ṣì mú, àwọn ìka yòókù á di ọwọ́ alùpùpù mú ṣinṣin, nítorí bí ìka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá wà lórí kílọ́ọ̀ṣì, alùpùpù tó fò síwájú yóò já gbà lọ́wọ́ rẹ. Jíà kejì ni ọ̀pọ̀ ń fi gbéra. Jíà àkọ́kọ́ lágbára jù, á fa táyà yí, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi tán kí o tó dé ibi kankan.

Bí pátákó bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde, wọ́n á tú kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ṣéènì yóò fi nà tààrà, tí alùpùpù yóò sì máa fẹ́ rìn. Ibẹ̀ gan-an ni kílọ́ọ̀ṣì ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ẹ́ńjìnì mú. Mọ ibẹ̀ bí o ṣe mọ ẹnu ọ̀nà ilé rẹ, nítorí ó máa ń yàtọ̀ láti alùpùpù dé alùpùpù, ó sì máa ń sún bí kílọ́ọ̀ṣì bá gbóná. Ìka kan lórí búréèkì iwájú ni yóò dá a dúró. Ọwọ́ ọ̀tún yóò yí epo dé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta tàbí ìdajì, yóò sì dúró síbẹ̀. Dídúró yẹn ni mo tẹnu mọ́. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń yí epo sókè sódò, tí ẹ́ńjìnì wọn ń pariwo tó sì ń dákẹ́, tó ń pariwo tó sì ń dákẹ́, ariwo ni wọ́n ń ṣe. Bí géètì bá wó lásìkò tí ẹ́ńjìnì ń rẹlẹ̀, ó tán. Ohùn ẹ́ńjìnì ọ̀gá máa ń dọ́gba títí géètì yóò fi wó.

Géètì ti mira. Búréèkì kúrò. Kílọ́ọ̀ṣì á kọ́kọ́ yára jáde dé ibi tó ti ń gbá ẹ́ńjìnì mú, kò ní jáde tán. Ìyókù ni wọ́n ń tú pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí alùpùpù ṣe ń rìn. Wo ìyá tó ń tẹ́ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn sórí ẹní: ara ọmọ ti kan ẹní tán, ṣùgbọ́n ọwọ́ ìyá ṣì wà lábẹ́ rẹ̀, ó ń yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ kó má baà jí. Ẹni tó bá ju kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ọ̀kan nínú nǹkan mẹ́ta ni yóò bá a: kí táyà iwájú fò sókè, kí táyà ẹ̀yìn gbẹ́ ilẹ̀, tàbí kí ẹ́ńjìnì kú. Lórí Boxer, ti ẹlẹ́ẹ̀kẹta la sábà máa ń rí, èrò á sì pòṣé. Lórí 450cc, ti àkọ́kọ́ ni, egungun sì lè dá.

Bí táyà ẹ̀yìn bá ń gun irin géètì tó ti wó sílẹ̀ kọjá, irin náà lè yọ̀, pàápàá bí ó bá tutù. Àwọn ọ̀gá máa ń dín epo ní bíńtín níbẹ̀, ìwọ̀n tí ojú kò lè rí, kí wọ́n tó tún yí i padà. Ẹsẹ̀ á wá gòkè sórí ibi ìtẹ̀sẹ̀, jíà kẹta á wọlé láìjẹ́ pé epo dínkù púpọ̀. Ẹni tó bá mọ Boxer yóò kọ́kọ́ ṣi ẹsẹ̀ níbí: lórí Boxer, ìsàlẹ̀ ni a ń tẹ jíà sí láti orí kan dé orí mẹ́rin, lórí ti mótókírọ́ọ̀sì, jíà àkọ́kọ́ nìkan ló wà nísàlẹ̀, orí bàtà ni a fi ń gbé àwọn yòókù sókè.

Ohun èlò kan wà tí wọ́n ń so mọ́ ṣọ́ọ̀kì iwájú. Wọn á tẹ ṣọ́ọ̀kì náà mọ́lẹ̀, ohun èlò yìí á sì há a síbẹ̀, kí iwájú alùpùpù lè rẹlẹ̀ kó má fò. Bí agun-alùpùpù bá tẹ búréèkì ní kọ́nà àkọ́kọ́, yóò tú ara rẹ̀ sílẹ̀. Ó wúlò. Ṣùgbọ́n mo ti rí ẹni tó rò pé rírà á ni yóò kọ́ òun ní kílọ́ọ̀ṣì.

Ní kọ́nà náà, ẹni tó pẹ́ jù kó tó tẹ búréèkì kọ́ ló ń borí o. Ẹni tó kọ́kọ́ yíjú sí ibi tí kọ́nà ti ń jáde, tó sì tètè tún epo yí, ni. Ojú ló ń darí alùpùpù: bí o bá ń wo ẹni tó fẹ́ ṣubú, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wàá lọ. Bí ìgbéra rẹ kò bá sì dára, má fi ìbínú tẹ̀ lé àwọn yòókù síta. Ọ̀pọ̀ máa ń gbá lọ sí ẹ̀gbẹ́ ìta nítorí wọ́n sáré jù. Ẹ̀gbẹ́ inú máa ń ṣófo fún ẹni tó ní sùúrù láti tẹ búréèkì.

Ẹnì kan á ní ṣé kò sí àwọn tó ń borí láìgbéra dáadáa ni? Wọ́n wà. James Stewart, ọmọ adúláwọ̀ láti Florida, borí gbogbo ìje 24 tó sá nínú ìdíje ìta gbangba Amẹ́ríkà ní 2008. Jett Lawrence ọmọ Ọsirélíà náà borí gbogbo 22 tirẹ̀ ní 2023. Kò lè jẹ́ pé gbogbo ìgbéra wọn ló dára. Ṣùgbọ́n irú wọn kì í pọ̀ nínú ìran kan. Ẹni tí kò bá ní ẹ̀bùn Stewart, ọwọ́ òsì ni kó lọ tọ́jú.

Ó sì ṣeé tọ́jú láìná owó rẹpẹtẹ. Ìgbéra kò nílò pápá gígùn. Ilẹ̀ tó gùn tó ogún mítà tó, bí ó bá ti jẹ́ pé wọ́n dí i pa, tí ọmọdé àti ẹran kò lè ya wọ̀ ọ́. Gbéra, dúró, padà, tún ilẹ̀ ṣe, gbéra. Sọ fún ọ̀rẹ́ kan kó dúró níwájú pẹ̀lú igi tínínrín, kí ó máa jù ú sílẹ̀ nígbà tó bá wù ú láìkìlọ̀, kí ìwọ sì máa wo igi náà, má wo ojú rẹ̀.

Títì kọ́ ni ibi ìdánrawò. Òfin ìrìnnà tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2012 lé ọ̀kadà kúrò ní ojú ọ̀nà 475. Ní ọjọ́ 1, oṣù Kẹfà, 2022, nígbà tí ìjọba tún fòfin de ọ̀kadà pátápátá ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà, Ọ̀jọ́ kò sí lára wọn, èyí tó mú kí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ àdúgbò wa rò pé títì jẹ́ tiwọn láti ṣe bó ṣe wù wọ́n. Ẹni tó bá ń ṣe ìgbéra láàárín dánfó àti kẹ̀kẹ́ Màrúwà lójú ọ̀nà Ìbà kò kọ́ ìje, ìyá rẹ̀ ló ń dá lóró.

Bí owó bá sì wà lọ́wọ́ rẹ, ra akoto gidi, ra awò ojú, ra bàtà tó ga dé orúnkún. Ìyókù owó náà, fi tún kílọ́ọ̀ṣì ṣe lọ́dọ̀ mẹkáníìkì tó mọṣẹ́. Kílọ́ọ̀ṣì tó ti jó kò ní ibi ìgbámú tí o lè mọ̀ mọ́.